Ẹrù Tí Ọdẹ́rìndé Dì fún Àna Rẹ̀

Ẹ súnmọ́ mi, ẹ̀yin èèyàn Ìdí-Àpáta, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọdé bọ́ sáàárín, kí ẹ sì wá ibi tí ajá mi yóò dùbúlẹ̀ sí. Ẹni tí ikọ́ bá ń ṣe, kí ó yáa wú u tán báyìí, nítorí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni húkọ́ sí àárín ọ̀rọ̀ mi. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sẹ́yìn tí ẹ ń rẹ́rìn-ín, mo rí yín o. Ọdẹ ni mí, ẹ̀yìn orí mi náà ń ríran.

Ìtàn tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ìtàn tèmi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹsẹ̀ mi méjèèjì yìí ló rìn ín. Ìtàn Ọdẹ́rìndé ni, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, àgbà ọdẹ tí ilé rẹ̀ ṣe ìkejì ilé mi. Gbogbo ohun tí ó ń rò lójú ọ̀nà náà ni mo mọ̀, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló jókòó síwájú mi lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ parí, tí ó ń jẹ́wọ́ láti àárọ̀ di ọ̀sán fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Èmi Àkànmú ọmọ Ọdẹ́tọ́lá, èmi tí ẹfọ̀n rí tí ó yà fún mi lọ́nà, èmi ni olè tí ó ń ṣọ́ nínú ìtàn yìí. Ẹ wo ojú mi dáadáa. Ṣé ojú olè nìyí? Ẹ má wulẹ̀ dáhùn.

Ọdẹ́rìndé kì í ṣe èèyàn burúkú. Ọwọ́ rẹ̀ kì í tàsé, kì í sì í jẹ ẹran láìpín fún aládùúgbò. Ṣùgbọ́n ìfura ti jẹ ọkùnrin náà dé egungun. Bí ènìyàn bá kí i pé ẹ kú àárọ̀, yóò kọ́kọ́ wo ọwọ́ onítọ̀hún kí ó tó jẹ́ ẹ. Bí Àṣàkẹ́ ìyàwó rẹ̀ bá gbé ọbẹ̀ kalẹ̀, yóò ní kí Àṣàkẹ́ tọ́ ọ wò ná. Bí a bá sì bá a wí, òwe kan náà ni yóò fi dá wa lóhùn: “Páńsá ò fura, páńsá já sínú iná; àjà ò fura, àjà jìn.” Òwe náà dára. Ṣùgbọ́n òun fi ṣe oúnjẹ àárọ̀, ó fi ṣe ti ọ̀sán, ó sì tún fi ṣe ti alẹ́.

Èmi ni ó sì ń fura sí jù. Àgbọ̀nrín kan ló fà á. Mo yìnbọn lù ú, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ta sílẹ̀, ó sá lọ, ó sì lọ ṣubú síwájú ìbọn Ọdẹ́rìndé, òun ló pa á tán. Ẹ̀yin náà mọ òfin ọdẹ: ẹni tó kọ́kọ́ mú ẹ̀jẹ̀ jáde lara ẹran ló ni orí àti awọ. Àwọn àgbà dá a bẹ́ẹ̀, mo sì gbé orí àti awọ lọ sílé. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá wọ ilé rẹ̀, yóò ti ìbọn rẹ̀ bọ abẹ́ ibùsùn. Ọdún méje ni mo fi fara dà á nítorí ẹ̀gbọ́n mi, àti nítorí Ìbídùnní.

Ìbídùnní ni ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni nígbà náà, ẹnu rẹ̀ mú, ó lẹ́rìn-ín, òun nìkan sì ni Ọdẹ́rìndé kò fura sí ní gbogbo ayé. Bí ó bá gbé oúnjẹ wá, Ọdẹ́rìndé á jẹ ẹ́ láìwo inú àwo. Ní ọjọ́ kan, ọmọ náà lọ ṣa ìgbín ní ẹsẹ̀ Òkè Àyíká, òkè ńlá tí ẹ̀ ń wò yẹn. Ó dúró síwájú àpáta, ó ké orúkọ ara rẹ̀ kí ó lè gbọ́ gbohùngbohùn, bí ọmọdé ti máa ń ṣe. “Ìbídùnní o!” Àpáta gba orúkọ náà, kò sì dá a padà.

Ó wálé pẹ̀lú ìgbín lórí, ó dúró sí àárín àgbàlá, kò mọ ẹni tó ń jẹ́ ìyá rẹ̀. A pè é, kò dáhùn. Bí a bá fi oúnjẹ sí i lẹ́nu, yóò gbé e mì. Bí a kò bá fi sí i, yóò máa wo àwo. Nígbà tí ọjà kẹta ná, ọrùn rẹ̀ ti tín-ín-rín, a sì mọ̀ pé ara tí kò lórúkọ kò ní pẹ́ tú ká. Ọdẹ́rìndé kò sunkún níwájú wa. Ẹ̀yìn àká ló máa ń lọ, a sì máa ń gbọ́ ọ níbẹ̀.

Olúọdẹ ìgbà náà, arúgbó tí ojú rẹ̀ ti fọ́, ló sọ ohun tí a ó ṣe. Ó ní kí bàbá ọmọ náà àti ẹnìkan láti ìdílé ìyá rẹ̀ yí Òkè Àyíká ká ní ọjọ́ márùn-ún, kí wọ́n gba ọ̀tún jáde, kí wọ́n gba òsì wọlé, kí wọ́n má ṣe padà sẹ́yìn. Oníbodè òkè ni yóò dá orúkọ náà padà fún wọn. Ó wá fi ọ̀pá kan ilẹ̀, ó ní, “Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kì í di ẹrù ara rẹ̀ gun òkè yẹn. Ìwọ Ọdẹ́rìndé ni yóò di ti Àkànmú, Àkànmú ni yóò di tìrẹ. Kí ẹnikẹ́ni má sì wo bí èkejì ṣe ń dì í.”

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ò rí nǹkan! Nínú gbogbo ọ̀nà tí a fi lè dán Ọdẹ́rìndé wò, èyí ni wọ́n rí.

Ó wọ yàrá rẹ̀ lọ di ẹrù mi. Ó di àádùn sí i, ó di ẹ̀pà àti ẹran gbígbẹ, ó di ìgò òrí kékeré kan. Ó jókòó, ó ń wo ògiri tí ó wà láàárín òun àti yàrá tí èmi wà. “Kí ni ọmọkùnrin yẹn ń fi sínú ẹrù mi báyìí?” Ó ronú kan àgbọ̀nrín. Ó ronú kan bí mo ṣe rẹ́rìn-ín nígbà tí Olúọdẹ sọ̀rọ̀. Irọ́ ni, mi ò rẹ́rìn-ín, eṣinṣin ló bà lé mi ní imú. Ó dìde, ó lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó gbé òkúta kan tó tó orí ọmọ ìkókó, ó fi aṣọ wé e, ó sì tì í sí ìsàlẹ̀ àpò mi. Ó ní kì í ṣe ìkà. Ó ní kí ọ̀rọ̀ àwa méjèèjì lè dọ́gba ni, nítorí ó dá a lójú pé èmi náà ti gbé tèmi sínú tirẹ̀.

Bí a ṣe dé ẹnubodè òkè ní òwúrọ̀ tó tẹ̀lé e, a bá Oníbodè. Ọwọ́ mẹ́ta ló ní: méjì fún ìgbẹ́rùwò, ẹ̀kẹta fún híhọ irùngbọ̀n rẹ̀. Ó gbé ẹrù Ọdẹ́rìndé wò, ó ní, “Hẹ̀n.” Ó gbé tèmi wò, ó wo Ọdẹ́rìndé lójú, ó tún gbé e wò lẹ́ẹ̀kejì. Òógùn bo Ọdẹ́rìndé nínú òtútù òwúrọ̀ náà.

Oníbodè ní, “Ẹni tó ru ẹrù kò gbọdọ̀ ti ọwọ́ ara rẹ̀ bọ inú rẹ̀. Bí ebi bá ń pa ọ́, bí òtútù bá ń mú ọ, ẹni tó dì í ni kí o bẹ̀ kí ó bá ọ mú nǹkan jáde. Nígbà tí ẹ bá yípo dé, a ó tú u. Ohun tí kálukú bá dì fún ẹnìkejì rẹ̀, òun náà ni yóò gbé lọ sílé. Ó yá, ẹ máa lọ.”

Òfin yìí kò díjú níbì kankan. Etí mi gbọ́ ọ, etí Ọdẹ́rìndé náà gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ní ẹnìkejì ni yóò máa ti ọwọ́ bọ ẹrù ni ọkàn rẹ̀ dúró sí, kò gbọ́ èyí tó tẹ̀lé e rárá.

A gun òkè ní ọjọ́ kìíní títí orúnkún wa fi ń dún. Àpáta ni ilẹ̀, àpáta ni ògiri, okùn ẹrù sì ń gé wa léjìká. Nígbà tí oòrùn ń lọ sílé, a wọ Igbó Elétí. Àwọn igi ibẹ̀ ní etí lára èèpo wọn, etí pelebe bíi ti ewúrẹ́. Bí ènìyàn bá sọ nǹkan kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ níbẹ̀, igi tó wà níwájú ni yóò ké e jáde. Ọdẹ́rìndé kò mọ̀. Ó ń rìn lẹ́yìn mi, ó ń kùn sínú: “Òkúta ló dì fún mi. Mo mọ̀, òkúta ni.”

Igi ìrókò kan níwájú mi là ẹnu, ó ní, “ÒKÚTA! ÒKÚTA LÓ DÌ!”

Mo dúró. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, igi yìí ń sọ̀rọ̀ òkúta o.”

Ó ní, “Ṣé orí òkè kọ́ la wà ni? Kí lo fẹ́ kí ó máa sọ, ẹja?”

Mo rẹ́rìn-ín, a sì kọjá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ fún yín: èmi náà ti mọ̀. Ẹ̀yìn mi kì í ṣe ẹ̀yìn ọmọdé, ó mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀pà àti òkúta. Mo dákẹ́ nítorí pé a kò gbọdọ̀ padà sẹ́yìn, bí a bá sì jà lórí òkè, Ìbídùnní ló máa jẹ gbèsè ìjà náà. Mo ní kí n máa ru ú lọ.

Nígbà tí a jókòó, mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi mú àádùn.” Ó ti ọwọ́ bọ ẹrù mi, ọwọ́ rẹ̀ kan òkúta bí ó ti ń wá àádùn. Mo jẹun. Mo ní, “Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí n mú tiyín.” Ó fò sẹ́yìn bí ẹni tí ejò fẹ́ bù ṣán. Ó ní ebi kò pa òun. Ó ní òun ti ń gba ààwẹ̀ nítorí ọmọ. Irọ́ ni o! Ikùn rẹ̀ ń pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn igi fi ń dá a lóhùn. Ohun tó ń rò ni pé, “Bí mo bá jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ wọ inú ẹrù mi, òkúta kejì ló máa fi sí i.”

Ọjọ́ kejì, kùrukùru bo òkè, òtútù ibẹ̀ sì ń jẹ ènìyàn bí èèrùn. Awọ kan wà nínú ẹrù Ọdẹ́rìndé tí ì bá fi bora. Kò béèrè. Ó jẹ èso kan tó korò lójú ọ̀nà, ó mu omi àpáta, ó ká jọ sí ẹ̀gbẹ́ òkúta, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ní ọjọ́ kẹta, ó gbé ẹrù rẹ̀, ó rí i pé ó wúwo ju ti àná lọ. Ó gbé e sílẹ̀, ó wò mí. Ẹrù tèmi ti ń fúyẹ́, nítorí mo ń jẹ ẹ́. Ó rí èyí náà. “Ó dìde nígbà tí mo sùn, ó kó nínú tirẹ̀ sí tèmi.” Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi koríko tín-ín-rín kan so ẹnu àpò rẹ̀, bí a ṣe ń so ó sí ẹnu ihò òkété kí a lè mọ̀ bóyá ó jáde. Lẹ́yìn ìsinmi kọ̀ọ̀kan, koríko wà bí ó ṣe so ó. Ǹjẹ́ ìyẹn tù ú lára? Ó ní, “Ọ̀jáfáfá olè ni. Ó mọ bí a ṣe ń tún un so.”

Ẹ gbà mí o! Kí ni ènìyàn máa ṣe fún irú èyí?

Ní ọjọ́ kẹta náà a dé Ìlú Afẹ̀yìnrìn. Àwọn ará ìlú náà kì í fi iwájú rìn, ẹ̀yìn ni wọ́n fi ń rìn, kí wọ́n lè máa rí ẹni tó ń tẹ̀lé wọn. Wọ́n gbẹ bí igi ìdáná. Ọbẹ̀ wà lórí iná ní ilé gbogbo, ó ti jóná, ẹnikẹ́ni kò bù ú, nítorí alásè kò fẹ́ tọ́ ọ wò fún ẹni tí kò fọkàn tán, ẹni tí yóò jẹ ẹ́ kò sì fọkàn tán alásè. Bí a ṣe kí wọn pé ẹ kú ilé, wọ́n dáhùn pé, “Ta ló rán yín?”

Wọ́n mú wa dé ọ̀dọ̀ ọba wọn. Ìtẹ́ rẹ̀ wà nínú ihò ògiri kí ẹnikẹ́ni má lè gba ẹ̀yìn yọ sí i. Ó ní, “Ẹ gbọ́ àlọ́ mi. Àwọn méjì ń gun òkè. Ọ̀kan ń jẹ ẹrù rẹ̀, ẹrù ń jẹ ìkejì. Ta ni yóò kọ́kọ́ délé?”

Mo ní, “Kábíyèsí, ẹni tó ń jẹ ẹrù ni.”

Ọdẹ́rìndé gbá mi ní ìgúnpá. Ó ní, “Kábíyèsí, ẹni tí ẹrù ń jẹ ni, nítorí òun ni kò sùn.”

Ìlú kígbe! Ọba náà fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde nínú ihò rẹ̀. Ó ní ọgọ́rùn-ún ọdún ni òun ti ń wá ẹni tí yóò dáhùn bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbé fìlà aláwọ̀ eérú kan jáde, wọ́n ní àwọn yóò fi Ọdẹ́rìndé jẹ oyè Olórí Afura, wọn yóò kọ́ ilé fún un tí kò ní fèrèsé. Ọdẹ́rìndé na orí sí fìlà náà. Ní tòótọ́, inú rẹ̀ dùn. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ó rí ibi tí wọ́n ti gbọ́ èdè rẹ̀.

Mo tẹnu bọ etí rẹ̀, mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ta ni yóò máa fi oúnjẹ sí Ìbídùnní lẹ́nu bí ẹ bá ń joyè láàárín àwọn afẹ̀yìnrìn yìí?”

Orúkọ náà gún un. Ó yọ orí lábẹ́ fìlà, a sì sáré jáde. Àwọn ará ìlú lé wa, ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi ẹ̀yìn sáré kò lè bá ẹni tó ń fi iwájú sáré. Wọ́n ń ṣubú lu ara wọn lẹ́yìn wa, wọ́n sì ń bi ara wọn léèrè ta ló ti ta.

Ọjọ́ kẹrin ni ọjọ́ ẹ̀rù. Ọ̀nà di tín-ín-rín bí ẹ̀yìn ọ̀bẹ lórí òkè, àfonífojì sí ọ̀tún, àfonífojì sí òsì, ẹyẹ àwòdì ń fò nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ wa. Mo fi okùn so ara wa pọ̀. Mo kọ́kọ́ kọjá, mo jókòó ti àpáta kan, mo di okùn mú, mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa bọ̀.”

Ọdẹ́rìndé wo okùn náà. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀, “Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Ibí ni ó ti fẹ́ sọ mí nù.” Ó tú okùn ní ìdí rẹ̀, ó wulẹ̀ dì í mú lọ́wọ́ kí n má baà mọ̀. Ebi ọjọ́ mẹ́rin wà lára rẹ̀, ẹrù tí kò jẹ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó dé àárín, orúnkún rẹ̀ yẹ̀, ó sì lọ!

Ọwọ́ kan ṣoṣo ló fi rọ̀ mọ́ okùn. Okùn fà mí títí gìgísẹ̀ mi fi kan etí àfonífojì. Ẹ mọ ohun tó dá mi dúró? Òkúta tó wà lẹ́yìn mi ni. Òun ló dì mí mọ́lẹ̀, ojúlówó òkúta Ọdẹ́rìndé. Awọ ọwọ́ mi bó bí ti iṣu sísè, mo ń fà á, mo ń pe orúkọ gbogbo baba mi, títí tí mo fi fà á dé orí ilẹ̀. Ẹ wo àpá náà. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ wá fi ọwọ́ kàn án, kò sí ẹran tó fún mi ní irú rẹ̀.

Ọdẹ́rìndé dùbúlẹ̀, ó ń mí. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ mi ń ta mí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi mú òrí.”

Ó ti ọwọ́ bọ ẹrù mi. Gbogbo oúnjẹ ti tán níbẹ̀, ìgò òrí àti òkúta nìkan ló kù. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí òkúta náà, kò sì kúrò. Ó sọ fún mi pé ó pẹ́ níbẹ̀. Ó ní ojú tì òun débi pé òun kò lè gbé orí sókè. Gbogbo ohun tí ó yẹ kí ó ṣe kò ju kí ó fà á jáde, kí ó ní, “Àkànmú, dárí jì mí,” kí ó sọ ọ́ sí àfonífojì. Ó tilẹ̀ ti gbá a mú. Nígbà náà ni èrò àtijọ́ yọ: “Bí mo bá mú tèmi jáde, tirẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó ti mú tirẹ̀ jáde?” Ó fi òkúta sílẹ̀, ó mú òrí, ó fi pa ọwọ́ mi jẹ́jẹ́, omi ojú rẹ̀ sì ń kán sí ọwọ́ náà. Mo rò pé ọpẹ́ ni ó ń dá.

Ní ọ̀sán ọjọ́ karùn-ún, a gba ọwọ́ òsì yọ sí ẹnubodè. Oníbodè ní kí a sọ ẹrù kalẹ̀. Kí ó tó tú ọ̀kankan, Ọdẹ́rìndé ti fò síwájú. Ó na ọwọ́ sí ẹrù tí ó rù. Ó ní, “Ẹ tú èyí ná! Ẹ tú u kí gbogbo òkè rí iṣẹ́ ọwọ́ àna mi! Ojoojúmọ́ ni ó ń wúwo sí i!”

Oníbodè tú u. Àádùn ló kọ́kọ́ jáde, ó ti bu. Ẹ̀pà. Ẹran gbígbẹ, itan odidi. Iṣu sísun. Lẹ́yìn náà ni awọ àgbọ̀nrín jáde, awọ àgbọ̀nrín ọjọ́sí, tí mo ti pa láró tí mo sì fi òrí pa kí ó rọ̀, kí ó lè fi bora lórí òkè, nítorí mo rò pé a máa fi parí ìjà. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni gèlè Ìbídùnní, gèlè pupa kékeré, tí mo dì sí i kí bàbá lè máa rí ohun ọmọ rẹ̀. Kò sí nǹkan mìíràn. Oníbodè yí àpò náà padà, ó gbọn ọ́n, eruku ẹ̀pà ló jáde.

Ọdẹ́rìndé ní, “Kí ló wá ń wúwo?”

Oníbodè ní, “Ẹrù oúnjẹ tí a kò jẹ kì í fúyẹ́. Kò wúwo sí i, ìwọ ni agbára rẹ ń dín kù.”

Ó tú tèmi. Òkúta yí jáde pẹ̀lú aṣọ lára rẹ̀. Aṣọ náà tú, a sì rí i pé ògbólógbòó ẹ̀wù Ọdẹ́rìndé ni. Ọdẹ́rìndé kúnlẹ̀ níwájú mi, àgbà kúnlẹ̀ fún àbúrò, mo sì yí ojú kúrò.

Oníbodè fi ọwọ́ kẹta mú gèlè pupa, ó fẹ́ atẹ́gùn sínú rẹ̀, a sì gbọ́ ohùn ọmọ náà ní inú ibẹ̀: “Ìbídùnní o!” Ó di gèlè náà ní kókó, ó fi lé mi lọ́wọ́. Ó gbé òkúta, ó fi lé Ọdẹ́rìndé lọ́wọ́. “Ohun tí kálukú dì ni ó ń gbé lọ sílé. Mo ti sọ fún yín tẹ́lẹ̀.”

Mo bẹ̀ ẹ́ o. Mo ní, “Baba, ọmọ rẹ̀ ni. Ẹ pín in fún wa.” Ó ní orúkọ ènìyàn kì í ṣe obì tí à ń ya sí méjì. Ó ní èmi ni mo gbé e dì, ẹnu mi ni yóò pè é, ẹni tó bá sì gbé òkúta wálé, òkúta ni ọmọ yóò rí. Ọdẹ́rìndé kò bẹ̀bẹ̀. Ó gbé òkúta rẹ̀ mọ́ àyà, ó sì ń lọ síwájú mi sílé.

Mo tú gèlè ní àgbàlá, mo pe orúkọ. Ìbídùnní ṣẹ́jú, ó ní, “Ẹ̀yin bọ̀ọ̀dá Àkànmú, kí ló ṣe ọwọ́ yín?” Ó rí ìyá rẹ̀, ó rọ̀ mọ́ ọn. Ó pe ajá ní orúkọ, ó pe adìẹ ní orúkọ. Mi ò ní purọ́ fún yín, inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ẹni tó dúró lẹ́yìn mi. Nígbà náà ni ọmọ náà wo ẹ̀yìn mi, ó fà sẹ́yìn díẹ̀, ó bi ìyá rẹ̀ pé, “Ta ni bàbá ọdẹ yìí? Kí ló gbé mọ́ra?”

A sọ fún un. Lójoojúmọ́ la ń sọ fún un. Yóò ní òun ti gbọ́, yóò kúnlẹ̀ kí i bí a ti ń kí àgbà, ṣùgbọ́n ojú tí ó fi ń wò ó jẹ́ ojú tí a fi ń wo àlejò tó dé láìsọ ibi tó ti wá. Bí ó bá gbé oúnjẹ fún un, yóò dúró lókèèrè. Bí ilẹ̀ bá ń ṣú, yóò ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀. Ọdẹ́rìndé fi òkúta náà sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, orí rẹ̀ ni ó sì ń jókòó títí di òní. Láti ọjọ́ náà, kò fura sí ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹlòmíràn ló ń fura sí i.

Ọdún mẹ́jọ kọjá, ọkọ dé fún Ìbídùnní. Ẹ mọ àṣà wa: bàbá ìyàwó ni yóò di ẹrù tí ìyàwó yóò rù kúrò nílé. Ìbídùnní wá bá mi, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀yin ni ẹ óò bá mi dì í.” Mo wo ọ̀ọ́kán, mo rí Ọdẹ́rìndé lórí òkúta rẹ̀, tó ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Mo pa irọ́ kan ní ọjọ́ náà, ẹni tó bá fẹ́ kí ó bá mi rojọ́. Mo na ọwọ́ mi méjèèjì tó lápàá, mo ní, “Ọwọ́ mi ti ń dùn mí, ọmọ mi, mi ò lè ta kókó. Jẹ́ kí bàbá ọdẹ yẹn bá ọ dì í.” Ó wò ó. Ó ní ó dára.

Láti òwúrọ̀ ni Ọdẹ́rìndé ti ń di ẹrù náà. Ó dì í, ó tú u. Ó gbọn aṣọ kọ̀ọ̀kan, ó fi ìka wo igun àpò fún ìyanrìn. Ó fi awọ àgbọ̀nrín ọjọ́sí, tí mo ti fún un, sí i. Ó tún tú u. Àwọn olórin ìyàwó dé, wọ́n kọrin títí ohùn fi há, ó ṣì ń fi ọwọ́ pa ìdí àpò náà bóyá nǹkan le níbẹ̀. Ìgbà tí oòrùn ti yẹ̀ ni ó tó gbé e jáde, tí ó gbé e kalẹ̀, tí ó sì lọ dúró lọ́ọ̀ọ́kán.

Ìbídùnní gbé e rù. Ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró, ó fi ọwọ́ kan ẹrù náà lórí. Ó padà wá síwájú Ọdẹ́rìndé, ó fi orúnkún kan ilẹ̀ pẹ̀lú ẹrù lórí, ó ní, “Ẹ ṣé o, bàbá ọdẹ. Kò wúwo rárá.” Ó dìde, ó bá àwọn olórin lọ.

Ọdẹ́rìndé dúró títí a kò fi gbọ́ orin mọ́. Lẹ́yìn náà ni ó di ọwọ́ mi mú, níbi àpá yẹn gan-an.

“Àkànmú, ṣé o gbọ́? Ó ní kò wúwo.”

Mo ní, “Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n.”